Ológbò Funfun Ilé Onídìrí

Òwúrọ̀ ni wọ́n bá òkú ológbò àkọ́kọ́ tí onídìrí ń sìn lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, itọ́ ti gbẹ mọ́ irun àyà rẹ̀ bí àtè, eṣinṣin sì ń wọlé wọ̀de láàárín eyín rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa á. Ìyẹn kò ní kí wọ́n má mọ ẹni tó pa á.

"Lẹ́nu ọ̀nà ìyá!" ni Rédíò wí, níbi tí wọ́n ti ń dirun fún un. Oníbàárà ni, orúkọ tí àdúgbò sì sọ ọ́ bá a mu, àfi pé òun kò ní bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa á. "Ológbò ń ríran, ọ̀rẹ́ mi. Ó rí ohun tí ìyá yẹn ń ṣe ni. Ẹyẹ tó ń bà sórí òrùlé yín ńkọ́?"

Ẹyẹlé aládùúgbò ni ẹyẹ ọ̀hún. Síbẹ̀, onídìrí ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó fa kọ́tìnì, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí a bá ń wá ẹni tó ń ṣèpàdé ìkọ̀kọ̀ nínú ilé yẹn, yàrá ìyá kọ́ là bá kọ́kọ́ yà sí. Oyún kan ti wálẹ̀ lára onídìrí. Ìyẹn dun ni, a kò ní fi ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn oníbàárà náà sì ń dín kù. Ẹni tí wọ́n bá fa irun iwájú rẹ̀ títí ojú fi fẹ́ yọ kì í sáàbà padà wá, ṣùgbọ́n ìyá ni wọ́n ka ìyẹn náà sí lọ́rùn.

Onídìrí ra ológbò mìíràn, funfun báláú. Àárín ṣọ́ọ̀bù ló ń gbé e sí, lórí tìmùtìmù àrán. Kí àlejò tó kí i tán, á ti máa sọ pé: "Tèmi ò ní eégbọn láé. Ẹ gbóòórùn ẹ̀! Ó mọ́ ju ọmọ ẹlòmíràn lọ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, etí ológbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n pẹ́pẹ́. Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń já. Ó bì sórí àrán: ìfófòó pupa rúsúrúsú, irun dì mọ́ inú rẹ̀. Òórùn kíkan gba ṣọ́ọ̀bù kan.

Onídìrí figbe ta. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà, sáré wọlé pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó lórí.

"Ẹ pe ìyá yín kó tú u sílẹ̀! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kúrò nílé yìí lónìí! Èmi àtàjẹ́ ò ní í sùn sábẹ́ òrùlé kan."

Káfíńtà tó ń la igi líle ṣe bí wọ́n ṣe wí. Ó wọ yàrá ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ ìyá náà sínú báàgì.

"Má wulẹ̀ ká a dáadáa," ni ìyá wí. "Ṣáà pe dókítà ẹranko ná. Ohun abẹ̀mí ló ń kú lọ yẹn."

Wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú báàgì náà, káfíńtà sì pè é. Ohùn dókítà jáde látinú fóònù: "Ẹ má fún un ní nǹkan kan mu! Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ kó bì! Mò ń bọ̀."

Rédíò, tó wá dirun lọ́jọ́ náà, ti gbé ṣíbí epo dé ẹnu ẹranko náà. Ìyá gbọ́n ọn lọ́wọ́, epo dà sí Rédíò láyà. "Ẹ rí i! Àjẹ́ ò fẹ́ kó yè!" ni Rédíò kígbe.

Dókítà dé, ó fimú kan irun ológbò náà. "Kí lẹ fi kùn ún lára?"

"Ọṣẹ lásán ni."

"Oògùn eégbọn ajá ló ń rùn yìí. Ohun tí ajá ń gbà mọ́ra, májèlé ni fún ológbò. Ó ń gba awọ ara wọlé, ológbò náà sì ń lá a. Ẹ gbé agolo ẹ̀ wá kí n wo ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, àti ọṣẹ tí ẹ fi ń fọ abọ́."

Ìyá ló lọ bu omi. Onídìrí wo Rédíò. Ojú Rédíò ń tàn.

"Ológbò mi ò ní eégbọn," ni onídìrí wí. "Bóyá ìyá ló fi kùn ún."

Ológbò náà na gbọnrangandan, ó ń gbọ̀n, ó sì tọ̀ sára.

"Mo ní agolo dà?" ni dókítà jágbe.

Onídìrí fa kọ́kọ́rọ́ yọ láyà, ó ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Àwòrán ajá wà lára agolo náà. Ó ti lò ó dé ìdajì.

"Èyí tó kú ńkọ́?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

"Mo kùn ún fún un náà."

Rédíò fò dìde, ó ń họ itan. "Èmi ni mo ń jókòó ti eégbọn látọjọ́ yìí!"

Dókítà gún ológbò lábẹ́rẹ́, òun àti ìyá wẹ̀ ẹ́ títí omi fi dúdú. Nígbà tí gbígbọ̀n náà rọlẹ̀, ó fi aṣọ wé e, ó ní òun á tọ́jú rẹ̀ lọ́dọ̀ òun, ó ṣeé ṣe kó yè.

Káfíńtà gbé báàgì, ó kọjú sí yàrá ìyá rẹ̀.

"Níbo lò ń gbé e lọ?" ni ìyá bi í. "Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ni mò ń lọ. Nígbà tí wọ́n ní kí n lọ, ìwọ lo di ẹrù. Wá fi ọwọ́ kan náà gbé e síta."

Onídìrí kúnlẹ̀ gbì, ó na ọwọ́ méjèèjì láti di ẹsẹ̀ ìyá mú. "Ẹ jọ̀ọ́, Màámi!"

Ìyá fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Lọ fọ ọwọ́ ẹ."