Ọtí Tí Dígí Kò Mu

Aránṣọ kan ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tó gbójú sókè, tó rí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà fọwọ́ ti ara ilẹ̀kùn. Ẹyinjú rẹ̀ pọ́n, òógùn bò ó, ó sì ń mí hẹlẹ bí ẹni tí wọ́n lé.

"Ìyá ọmọ mi, jọ̀ọ́, gbé abọ́ wá. Èébì ń gbé mi."

Kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó ti bì sílẹ̀.

Obìnrin náà kò gbé abọ́. Ó já òwú lẹ́nu abẹ́rẹ́, ó dìde, ó sì gbé imú sún mọ́ ẹ̀wù ọkọ rẹ̀. Òórùn ọtí ló kí i káàbọ̀.

"O tún ti mu ún."

"Mi ò mu nǹkan kan."

"Dígí, ṣé èmi lò ń tàn ni, àbí ara rẹ?"

Dígí ni tilé toko ń pe ọkùnrin náà, nítorí pé bó bá fi pọ́líìṣì pa tábìlì, èèyàn lè wo ojú tábìlì náà ya irun. Ọdún mẹ́jọ ló fi ń mutí àmupara. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé ìwòsàn, tí wọ́n sì fún un ní oògùn tí àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí máa ń lò: hóró kan láràárọ̀. Ẹni tó bá ń lò ó, tó tún mutí, ara rẹ̀ á kọ̀ ọ́. Ojú á gbóná, àyà á máa lù kì-kì-kì, á sì máa bì. Ìyàwó rẹ̀ mọ èyí dáadáa. Lójú tirẹ̀, ẹ̀rí wo ló tún kù?

Ó sì ti búra nígbà tí irú èyí ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn: bí ọtí bá tún fi lè kan ètè Dígí, òun á kó ọmọ méjèèjì, òun á padà sílé ìyá òun. Kì í ṣe obìnrin tó ń búra lásán.

"Tí oògùn bá máa sọ mí di ọ̀mùtí níbi tí n ò ti mutí," Dígí wí, "jẹ́ kí n kúkú dà á nù." Ó na ọwọ́ sí ìgò oògùn lórí pẹpẹ.

"Fi í síbẹ̀! O ò ní da ẹ̀rí nù mọ́ mi lójú. Níwájú nọ́ọ̀sì tó fún ọ ni wàá ti jẹ́wọ́. Tó o bá jẹ́wọ́ tán, mo lọ nìyẹn."

Ó já kàlẹ́ńdà lára ògiri. Gbogbo ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ bá wálé báyìí ló ti fi ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ sàmì sí. Ó fa àmì tòní, ó di mẹ́rin, ó sì fi kàlẹ́ńdà náà há abíyá.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì àgbà, obìnrin kúkurú tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, tẹ́ Dígí sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi bi í, níbo ló ti mu ún?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí i pé kò kú, ká tó bi í léèrè ọ̀rọ̀."

Nígbà tí èémí Dígí wálẹ̀, nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ sí imú.

"Ẹnu yín ò rùn. Ọwọ́ yín ló ń rùn. Iṣẹ́ wo lẹ ṣe lónìí?"

"Mo ń fi pọ́líìṣì pa kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tá a fi sípírítì pò. A ó rẹ òwú bọ̀ ọ́, a ó máa fi pa igi títí á fi dán."

"Ọwọ́ lásán?"

"Ọ̀gá ní ìbọ̀wọ́ kì í jẹ́ kí ọwọ́ mọ ojú igi."

"Fèrèsé ńkọ́?"

"À ń tì í ni, kí eruku má bàa bà lé e."

Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé rẹ̀. "Káfíńtà lẹ ní kí n kọ."

"Ṣé káfíńtà kọ́ ni mí ni?"

"Káfíńtà tó ń lagi yàtọ̀ sí èyí tó ń fi sípírítì wẹwọ́ látàárọ̀ dalẹ́. Mo kìlọ̀ lọ́fínńdà fún yín, mo kìlọ̀ oògùn ikọ́ olómi. Ẹ ò dárúkọ pọ́líìṣì."

"Ta ló ń mu pọ́líìṣì, nọ́ọ̀sì?"

"Awọ ara yín ń mu ún. Imú yín ń fà á. Ọtí ni sípírítì. Oògùn yìí ò béèrè ọ̀nà tí ọtí gbà wọlé. Tó bá ti wọlé, ìjà dé nìyẹn."

Aránṣọ náà mi orí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. "Àwáwí tó dùn gbọ́ nìyẹn," ó wí, ó sì tẹ́ kàlẹ́ńdà sórí tábìlì. "Ẹ̀rí tèmi rèé."

Nọ́ọ̀sì fi ìwé bo kàlẹ́ńdà náà kí Dígí má bàa rí i. "Bàbá, ọjọ́ wo lẹ ti pa pọ́líìṣì láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń lo oògùn?"

Dígí di ojú. "Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, igi nìkan la là. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àga mẹ́fà lỌ́jọ́bọ̀, a parí wọn lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀sẹ̀ yìí, tábìlì ńlá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lẹ́yìn náà, kọ́bọ́ọ̀dù tòní."

Aránṣọ náà ṣí ìwé kúrò. Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Ìṣẹ́gun, òní. Ó tún un kà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí Dígí jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́ ọtí rẹ̀ àtijọ́ di ìrọ̀lẹ́, kò sí àmì kankan.

"Háà," ó wí. "Bàbá ọmọ mi, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ẹ̀rí rẹ, mo sì ń pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Má bínú."

"Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fura," Dígí dá a lóhùn. "Tó bá jẹ́ èmi ni ìwọ, láti àmì kejì ni n bá ti lọ."

"Ṣé kó wá dá oògùn náà dúró ni?" obìnrin náà bi nọ́ọ̀sì.

"Dókítà ló máa sọ ọ́ lónìí, kì í ṣe ẹ̀yin, kì í ṣe èmi. Ó lè ní kó ṣì máa lò ó, ó sì lè fún un ní oríṣi mìíràn. Báwo lẹnu yín ṣe rí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, bàbá?"

"Bí ẹni tó lá irin. Oorun sì ń kùn mí lọ́sàn-án."

"Oògùn náà ni. Ẹ sọ fún dókítà, ẹ má sì sún mọ́ ayùn oníná tí oorun bá ń kùn yín. Àmọ́ tí ẹyinjú yín bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, tí ìtọ̀ yín bá dúdú, tí ẹsẹ̀ bá ń ta yín bí abẹ́rẹ́, tàbí tí ojú yín ò bá ríran dáadáa mọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ wá."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí dókítà ti rí Dígí, tọkọtaya náà jọ lọ bá ọ̀gá ibi iṣẹ́. Dígí ò bẹ̀bẹ̀, ó ṣàlàyé ni: òun kò ní fọwọ́ kan sípírítì mọ́, òun kò sì ní wọ yàrá pọ́líìṣì. Kí wọ́n fún òun ní sánpépà àti òòlù.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Dígí tí kì í pa pọ́líìṣì! Kí la ó wá máa pè ọ́?"

"Ẹ máa pè é ní alààyè, ọ̀gá," ìyàwó rẹ̀ wí.

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fi Dígí sídìí àga kíkàn, ní òdìkejì ọgbà, ó sì ní kí wọ́n ṣí fèrèsé yàrá pọ́líìṣì. Aránṣọ náà padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Kò lọ sílé ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo oògùn láti jáwọ́ nínú ọtí, ẹ ti ṣe ohun tó le. Ẹ má jẹ́ kí àìsọ̀rọ̀ bà á jẹ́. Ẹ sọ ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe gan-an fún nọ́ọ̀sì, kì í ṣe orúkọ iṣẹ́ nìkan. Ohun tẹ́ ẹ fi ń para, tẹ́ ẹ fi ń fọ ẹnu, tẹ́ ẹ ń mu fún ikọ́, ẹ béèrè bóyá ọtí wà nínú rẹ̀. Oríṣiríṣi ni oògùn wọ̀nyí, ohun tí ọ̀kan ń ṣe fún ara kọ́ ni èkejì ń ṣe. Irú ti Dígí máa ń pẹ́ lára: bẹ́ ẹ bá dá a dúró lónìí, ẹ má fẹnu kan ọtí fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Bí àyà bá ń dun yín, tí èémí ò já geere, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ má dúró wo ọ̀la, ilé ìwòsàn ni.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má ṣe fi oògùn yìí sínú oúnjẹ ẹnikẹ́ni ní ìkọ̀kọ̀ láé. Ó lè pa á. Bí ẹni tó ń lò ó bá sì wálé tó ń bì, ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́jọ́.