Ibi tí Bushrah Gé Kúrò Nínú Fọ́tò

"Bushrah, tó o bá tún fi ẹ̀yìn gbá àwòrán mi, èmi àti ìwọ la jọ máa sùn sí àgọ́ ọlọ́pàá lónìí o!"

Àǹtí Adéyẹ́misí ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n Bushrah sún síwájú kíákíá. Òórùn ọ̀dà kò tíì kúrò lára àwọn àwòrán náà. Àǹtí yìí ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya gbogbo wọn, àwọn olóṣèlú Ìbàdàn tó ti kú àti àwọn tó ṣì ń jà. Wọ́n tò wọ́n sára pátákó káàkiri Gbọ̀ngán Mápó, wọ́n ń wo èèyàn bí ẹni tó tún fẹ́ tọrọ ìbò. Ọjọ́ ìṣíde ìpàtẹ náà nìyí, èrò sì ti ń pé.

Ẹ̀gbọ́n Bushrah, Muhydeen tó ń ya fọ́tò ní Bẹẹrẹ, ni wọ́n gbé iṣẹ́ ọjọ́ náà fún. Ṣùgbọ́n Muhydeen ti gba iṣẹ́ ìgbéyàwó kan ní Ìṣẹ́yìn fún ọjọ́ kan náà kó tó rántí, ló bá fa kámẹ́rà lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. "Ojú ẹ kúkú mú ju tèmi lọ," ló wí. Kíláàsì àṣekágbá ni Bushrah wà nílé ìwé girama, kò sì tíì dá iṣẹ́ ńlá ṣe rí. Ìyìn yẹn dùn mọ́ ọn dé egungun.

Òfin kan ṣoṣo ni Àǹtí Adéyẹ́misí fún un. "Fọ́tò kankan ò gbọdọ̀ jáde lọ́wọ́ ẹ kí n tó rí i. Inú ìwé ìpàtẹ yìí ni wọ́n ń lọ. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Etí rẹ̀ gbọ́ lóòótọ́. Àmọ́ fóònù rẹ̀ ò jẹ́ kó sinmi. Basit, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ní ojú ewé kan lórí ayélujára níbi tó ti máa ń fi àwọn èèyàn ńlá ìlú ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rín ibẹ̀ sì ń pa ogunlọ́gọ̀ èèyàn. Láti àárọ̀ ló ti ń kọ̀wé ránṣẹ́: "Bushrah, fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi o. Ẹyọ kan péré. Màá kọ orúkọ ẹ sábẹ́ ẹ̀, gbogbo Ìbàdàn á mọ̀ ẹ́." Bushrah ò dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kò pa fóònù náà. Ẹni tí kò fẹ́ jẹ ẹ̀bà kì í jókòó ti abọ́ ọbẹ̀.

Àárín ìgbà náà ni Àlàájì Gàníyù wọlé. Láti Ọjà'ba dé Bẹ́yẹrúnkà, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ó ti ṣe alága ìjọba ìbílẹ̀ rí, òun sì ni Bàbá Àdínì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn. Àwòrán tirẹ̀ náà wà lára èyí tí wọ́n pàtẹ. Bushrah gbé kámẹ́rà sójú dè é níbẹ̀, nítorí olóṣèlú wo ló máa ń kọjá níwájú ara rẹ̀ láìdúró? Bàbá kọjá. Kò tilẹ̀ wò ó. Ó tẹ ọ̀pá lọ tààrà sí igun òkè, níbi tí wọ́n gbé àwòrán olóògbé Olóyè Táíwò Oyèkúnlé kọ́ sí.

Ìtàn àwọn méjèèjì kò ṣàjèjì sí ọmọ Ìbàdàn. Olóyè Oyèkúnlé ló mú Gàníyù wọ òṣèlú, ó fà á lọ́wọ́ bí àbúrò. Nígbà tí ìdìbò ku ọ̀la, Gàníyù kó àwọn èèyàn rẹ̀ sọdá sínú ẹgbẹ́ kejì. Olóyè fìdí rẹmi. Láti ọjọ́ náà, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí Olóyè fi kú, Gàníyù kò sì dé ibi ìsìnkú.

Àlàájì dúró. Ó bọ́ fìlà, ó gbé ọ̀pá sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ẹ̀rín bú láti ẹ̀yìn. "Yéè! Bàbá ti rò pé èèyàn ni!" Ẹlòmíràn ní, "Ojú ti di bàìbàì! Ẹ bá wa gbé wọn dìde!"

Bushrah ti tẹ kámẹ́rà. Ó wo ohun tó yà. Kò tíì ya fọ́tò tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Àgbàlagbà wà nílẹ̀, fìlà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú Olóyè tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sì ń wò ó láti òkè. Nǹkan kan ṣoṣo ló bà á jẹ́ lójú rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹsẹ̀ ẹnì kan yọ nínú sálúbàtà, pẹ̀lú etí ìró díẹ̀. Pátákó àwòrán kejì ló bo ìyókù ẹni náà mọ́lẹ̀ lójú Bushrah, òun náà ò sì wá a.

Àlàájì ò tíì dìde. Àwọn ọ̀dọ́ méjì fẹ́ fà á sókè, ó mi orí. Fóònù Bushrah tún dún. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Orúkọ rẹ̀ lójú gbogbo Ìbàdàn! Ta ni yóò mọ̀? Ó gbé fọ́tò náà láti inú kámẹ́rà sínú fóònù, ó gé ẹ̀gbẹ́ òsì dànù kí ẹsẹ̀ yẹn má bàa bà á jẹ́, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Basit.

Èsì dé lójú ẹsẹ̀. "Háà, Bushrah, o pa mí! Wo ohun tí màá kọ sí i: 'Bàbá Àdínì forí balẹ̀ fún ère ní Mápó!' Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo èèyàn ti délé, màá jù ú síta."

Ẹ̀rín ń bọ̀ lẹ́nu Bushrah nígbà tó gbọ́ ohùn kan.

"Gàníyù, dìde."

Ohùn àgbàlagbà obìnrin ni. Kí Bushrah tó gbé ojú kúrò lórí fóònù, Àlàájì ti wà lórí ìdúró. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú ọwọ́ ìyá àgbà kan tó ti jókòó sẹ́yìn pátákó náà láti ìgbà yìí wá. Ìyá Àtọ́kẹ́ ni, ìyàwó Olóyè Oyèkúnlé. Àǹtí Adéyẹ́misí ló gbé àga fún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ọkọ rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀dà ni Àlàájì dọ̀bálẹ̀ fún. Ìyá Àtọ́kẹ́ ni. Ojú Àlàájì kò sì ṣe bàìbàì. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀ kì í dá ara rẹ̀ dìde, àfi tí ẹni tó ń bẹ̀ bá ní kó dìde, ìyá sì ti fi í sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tó ń wọn ìjà ọjọ́ pípẹ́ nínú ọkàn rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọ ara wọn, "Bàbá Sìdí" ni ìyá máa ń pè é, pẹ̀lú "ẹ" ni. Kò pe orúkọ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹnu ọkọ rẹ̀ ló yá lò lọ́jọ́ náà, ẹnu ẹ̀gbọ́n sí àbúrò.

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi," ni Àlàájì dáhùn, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn tó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan wá ń wá ibi tí wọn yóò gbé ojú sí.

Kámẹ́rà kàn wà lọ́rùn Bushrah ni, kò ya nǹkan kan nínú ìgbà tí ìyá ń gbé Bàbá dìde. Èyí tó sì yà, òun ló gé ẹsẹ̀ Ìyá Àtọ́kẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Láìsí ẹsẹ̀ yẹn, àgbà tó ń tọrọ àforíjì ti di mùsùlùmí tó ń bọ òrìṣà. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, ojú wo ni Bàbá Àdínì yóò fi wọ mọ́ṣáláṣí? Ta ni yóò máa ti ilé dé ilé ṣàlàyé? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ó pe Basit. Kò wọlé. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó má gbé e síta. Àmì kan ṣoṣo ló yọ, iṣẹ́ náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èṣù wá sọ ọ̀rọ̀ sí i létí pé àwọn tó gbé fóònù dání pọ̀ nínú gbọ̀ngán yìí, ẹnikẹ́ni ló lè yà á. Dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìbẹ̀rù gbá a mú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n ó tún wo Àlàájì tó ń nu ojú, ó sì lọ kúnlẹ̀ níwájú Àǹtí Adéyẹ́misí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo ti ṣe ohun tí ẹ ní kí n má ṣe." Ó rò ó fún un, ó sì fi ohun tí Basit kọ hàn án.

Àǹtí ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Ibo ni Basit yìí wà?"

"Ṣọ́ọ̀bù màmá ẹ̀, ní Ọjà'ba."

"Máa sáré lọ. Fóònù tèmi ni màá fi ya ìyókù. Tó o bá dé, ọ̀dọ̀ Àlàájì lo ti máa jẹ́jọ́ ẹ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi."

Bushrah sọ̀kalẹ̀ òkè Mápó bí ẹni tí ejò ń lé. Ó yẹ̀ fún ọlọ́kadà, ó fi èjìká kan aláàárù, ó bẹ̀bẹ̀, kò dúró, títí ó fi dé ibi tí Ìyá Basit ti ń ta ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn. Basit jókòó lórí àpótí, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò gbé ìpè mi?"

"Mo pa á ni. Iná ò sí láti àná, mo ń tọ́jú bátìrì de ìrọ̀lẹ́."

"Basit, pa fọ́tò yẹn rẹ́."

"Kí ni? Mo ti sọ fún àwọn èèyàn mi pé nǹkan gbóná ń bọ̀! Tí mi ò bá gbé e, èébú tí wọ́n máa bú mi ò ní lóǹkà."

"Kí wọ́n bú ẹ." Bushrah gbé kámẹ́rà sí i lójú, ó fi odindi fọ́tò náà hàn án. "Ẹsẹ̀ ta nìyí?"

Basit tẹjú mọ́ ọn. Bushrah rò gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi nǹkan kan pamọ́.

"Ìyá àgbà pè wọ́n ní Gàníyù? Báyìí náà?"

"'Gàníyù, dìde.' Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn."

Ọmọ agboolé ni Basit náà. Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí kí àgbà wà nílẹ̀ níwájú èrò, kó máa dúró de kí wọ́n ní kó dìde. Ó tan fóònù, ó pa fọ́tò náà rẹ́ níbi gbogbo tó wà, ó sì na fóònù sí Bushrah kó yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀.

"Ó ti lọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo gé ẹsẹ̀ yẹn o."

"Èmi ni," ni Bushrah dáhùn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín igbá ọṣẹ.

Ìyá Basit yọjú. "Ọmọ yìí, ṣé wọ́n ń lé ẹ ni?"

"Wọn ò lé mi mọ́, mà," ló dáhùn, ó sì mí kanlẹ̀. Àfi bí ẹni sọ ẹrù igi kalẹ̀.

Nígbà tó padà dé Mápó, Àlàájì àti Ìyá Àtọ́kẹ́ jókòó pa pọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bushrah kúnlẹ̀, ó ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àlàájì ń ka tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ títí ọ̀rọ̀ fi tán.

"Wọ́n ti pè mí ní olè rí," ló wá wí, "wọ́n sì ti pè mí ní ọ̀dàlẹ̀. Ìkejì yẹn tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n abọ̀rìṣà! Ọmọ yìí, o fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹrù tí n kò lè gbé lé mi lórí."

"Ẹ má bínú, sà."

"Kí ni ẹsẹ̀ mi tiẹ̀ ṣe fún ẹ?" ni Ìyá Àtọ́kẹ́ bèèrè. "Ṣé ó burẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Àlàájì bú sẹ́rìn-ín, Bushrah náà ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún. Ṣùgbọ́n ìyá tún ní, "Ó dáa. Èyí tí mo ti ń fa Bàbá Sìdí dìde ńkọ́? Jẹ́ n rí i."

Bushrah sorí kọ́. "Mi ò yà á, mà. Fóònù ni mò ń wò."

Àǹtí Adéyẹ́misí tó dúró nítòsí mí kanlẹ̀. Fọ́tò yẹn ni ì bá fi ṣáájú ìwé rẹ̀.

"Ṣé ẹ lè ṣàánú mi, kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i?" ni Bushrah bẹ̀bẹ̀.

Àlàájì mi orí. "Rárá, ọmọ mi. Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe eré orí ìtàgé. Ó ti ṣẹlẹ̀, ó ti tán." Ó gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n o wá bá mi kí n tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ká ní mo lọ bá Oyèkúnlé bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà láyé ni! Mo ti dárí jì ọ́. Lọ máa ṣe iṣẹ́ ẹ."

Bushrah lọ. Ó pa fóònù, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpò, ó sì ya fọ́tò títí àlejò ìkẹyìn fi lọ.

Nígbà tí Muhydeen ti Ìṣẹ́yìn dé, Bushrah kò dúró kó bèèrè bí iṣẹ́ ṣe lọ. Ó rò ó fún un lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba kámẹ́rà, ó ní Bushrah kò ní fọwọ́ kàn án mọ́ títí yóò fi ṣe ìdánwò àṣejáde tán.

"Ẹ ṣé, bọ̀ọ̀dá mi," ni Bushrah wí, ìdùnnú sì hàn lójú rẹ̀. Muhydeen ò mọ̀ bóyá kóun bínú tàbí kóun rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Bushrah mọ ohun tó fi ń dúpẹ́. Ìyà tó jẹ ẹ́ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ì bá fi jẹ ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá rí fọ́tò tó ń pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí wọ́n gé kúrò lára rẹ̀, kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Bí ọwọ́ yín bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ má dákẹ́, ẹ má sá pamọ́. Ẹ tètè sáré lọ jẹ́wọ́ fún ẹni tí ẹ ṣẹ̀. Àlàájì Gàníyù pẹ́ kó tó lọ, nígbà tó sì dé ibẹ̀, opó nìkan ló kù tó lè dá a lóhùn.