Ìró Hàjàrá Gbẹ Táútáú

"Hàjàrá, gbọ́ mi dáadáa." Ìyá Àgbà gbé ìka lé àwùjẹ̀ Lìádì, ibi rírọ̀ tó wà lórí ọmọ jòjòló. "Bí ibí yìí bá ń jìn wọnú, omi ń tán lára rẹ̀ nìyẹn. Fa awọ ikùn rẹ̀ wò, kó o fi í sílẹ̀. Bí kò bá padà kíá, kò dára. Èyí tó ṣe pàtàkì jù, máa wò ó bóyá ó ń tọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ṣunú, rọ ọ́ lómi."

"Mo ti gbọ́, Ìyá."

Ìyá Àgbà gba ọ̀nà Lálúpọn lọ, ó ń wá ewé àgbo. Láyé ogun Ìjàyè ni. Ìyá Hàjàrá kú nígbà tó bí Lìádì, ọmọ yìí nìkan ló sì fi sílẹ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Mùjíbátù ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi yọjú. "Wọ́n ti ń gbé ẹrù ìyàwó dé ilé Ọládòṣù! Àbí inú igbá lo fẹ́ kí ìró aláró tuntun yẹn gbó sí?"

"Ọmọ ń ṣunú."

"Pọ̀n ọ́n ká máa lọ. Ṣùgbọ́n má fún un lómi o, kó má ba ìró ẹni jẹ́. Ṣebí ohun tó bá wọlé ló ń jáde?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Hàjàrá létí. Ó pọn Lìádì láìfún un ní ẹ̀kán omi kan. Nílé ìyàwó, wọ́n kọrin, wọ́n jó, gbogbo èèyàn ń yin ìró rẹ̀. Ọmọ sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Hàjàrá fọwọ́ kan ẹ̀yìn: gbígbẹ. Inú rẹ̀ dùn.

Oòrùn ti rọ̀ nígbà tí Ìyá Àgbà dé. Hàjàrá sáré pàdé rẹ̀.

"Ìyá, ara rẹ̀ ti yá! Kò ṣunú mọ́. Ẹ fọwọ́ kan ìró mi, ó gbẹ táútáú."

Ewé bọ́ lọ́wọ́ ìyá arúgbó. Ó fa awọ ikùn ọmọ. Awọ náà dúró bí aṣọ tí a ká. Àwùjẹ̀ ti jìn bíi kòtò. Lìádì la ẹnu láti sunkún, kò sí omijé.

"Hàjàrá, ṣé ó tọ̀ láti àárọ̀?"

Hàjàrá sáré lọ bu omi.

Wọ́n rọ ọ́ lómi, omi ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣàn padà. Wọn ò tíì kírun àṣálẹ́ tí ó fi dákẹ́ pátápátá.

Hàjàrá dàgbà, ó darúgbó, kò fi ìró aláró sí ìdí mọ́. Bí àwọn èèyàn bá lọ kí abiyamọ, "Ẹ kú ọwọ́ lómi" ni wọ́n máa ń wí. Tirẹ̀ yàtọ̀: "Ṣé ó ti tọ̀ lónìí?" Àwọn ọmọdé a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀, òun náà a sì pè wọ́n jókòó.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," á ní. "Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń ṣunú, ẹ fún un lómi. Bí wọ́n bá fi ọmọ tì yín, ọmọ ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo aṣọ. Èmi wo aṣọ."