Ẹni Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ Nínú Yìnyín

Àwọn ará Honkaperä, abúlé kan ní ilẹ̀ olótùútù, kì í fi òkú ọmọ wọn sílẹ̀ sójú ogun. Bí ó ti wù kí ọ̀nà jìn tó, bí ó ti wù kí yìnyín kún ilẹ̀ tó, wọn á gbé e wá sílé, wọn á sì sin ín sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí wọ́n ti sàmì fún un. Bí Kérésìmesì bá ku ọ̀la, gbogbo ìdílé a tan àbẹ́là sórí ibojì ọmọ tirẹ̀, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì a sì mọ́lẹ̀ yòò.

Ìyá Hakkarainen kò ní ibojì tí yóò tan tirẹ̀ sí. Eemeli, àbíkẹ́yìn rẹ̀, kò ti ogun bọ̀ láàyè, òkú rẹ̀ náà kò sì wálé. Obìnrin yìí a dúró láàárín àwọn èèyàn, a di àbẹ́là rẹ̀ mú lọ́wọ́ títí yóò fi jó tán. Báyìí ló ń ṣe lọ́dọọdún títí òun náà fi kú.

Arvi ni ẹ̀gbọ́n Eemeli. Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì ń lọ sógun, ìyá wọn dì í lápá mú, ó ní, "Arvi, mú àbúrò rẹ bọ̀ wá fún mi o." Arvi ṣèlérí. Nígbà tó padà dé, òun nìkan ló dé, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi di orí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò bá a wí rárá. Ì bá sàn fún un ká ní ó bá a wí.

Ẹni tí ẹ̀bi bá ń jẹ lọ́kàn a máa wá ẹni tí yóò dì í rù. Arvi rí ẹni náà: Vilho Tossavainen. Nígbà ogun, Vilho ló ń darí ẹṣin tó ń fa ọkọ̀ onígi lórí yìnyín, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti kó òkú kúrò lójú ìjà. Arvi gbọ́ pé Vilho dé ibi tí Eemeli ṣubú sí, ó sì padà láìgbé e. Ohun tó gbọ́ nìyẹn, kò sì bi í léèrè rí. Ó lé lógún ọdún tí kò fi kí Vilho, bẹ́ẹ̀ adágún omi kan péré ló wà láàárín ilé wọn.

Ó wá fi ọtí ṣe ọ̀rẹ́. Nínú igbó ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló ti ń sè é fúnra rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fara dà á títí, ó sú u, ó kó jáde.

Lọ́dọọdún, nígbà tí ewé bá ń wọ́, àwọn tó jọ jagun a máa pé jọ sílé Taavetti, ẹni tó jẹ́ sájẹ́ǹtì wọn. Wọn a dáná sí sáúnà, ilé pákó kékeré létí omi, níbi tí wọ́n ti ń da omi sórí òkúta gbígbóná títí ooru yóò fi gba inú ilé kan. Ìhòòhò ni wọ́n ń jókòó níbẹ̀, ọ̀gá kò sí, ọmọ iṣẹ́ kò sí. Ní ilẹ̀ wọn, ẹni tí ẹ bá ti jọ jókòó nínú ooru kan, ìjà yín parí nìyẹn. Nítorí èyí ni Arvi kì í fi wọ̀ ọ́ bí Vilho bá wà nínú rẹ̀. Ìta ni í jókòó sí pẹ̀lú ìgò rẹ̀, a sì máa gbọ́ ariwo wọn láti inú.

"Ẹ̀yin ẹ rántí ọbẹ̀ ẹ̀wà tí Ọ̀gá Taavetti máa ń sè? Ká ní ọ̀tá tọ́ ọ wò ni, ogun ì bá ti parí lọ́sẹ̀ kan!" ni ẹnì kan nínú wọn á wí.

"Ìwọ yìí náà kọ́ lò ń lá àwo!" Taavetti á dá a lóhùn, wọn á bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn tí kò bọ̀. Ẹ̀rín á tán, èèyàn ò sì ní gbọ́ ju ìró omi lórí òkúta lọ.

Ní ọdún kan báyìí, Vilho jáde wá bá Arvi níta. Ó ti rù, ó ń wúkọ́. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti fi ayé rẹ̀ fún Jésù, gbogbo abúlé sì mọ̀ ọ́n sí èèyàn jẹ́jẹ́.

"Arvi, wọlé ká jọ jókòó. A ti ń darúgbó."

"Èmi àti ta? Ìwọ tí o fi àbúrò mi sílẹ̀ fún kannakánná? Gbé Jésù rẹ kúrò níwájú mi, àgàbàgebè!"

Vilho dorí kodò. Taavetti ti gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà. "Ó tó gẹ́ẹ́! Vilho, sọ fún un, àbí kí n sọ ọ́ fúnra mi."

"Ọ̀gá, mo ṣèlérí fún ẹni tó ti kú."

"Ìlérí yẹn náà ló ń pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ yìí. Ṣé o ò rí i ni?"

Vilho jókòó sórí àtẹ̀gùn. 

"Arvi, èmi ni mo gbé ọ kúrò níbẹ̀."

"Irọ́ ni!" Nítorí ilé ìwòsàn ni Arvi ti là jú lọ́jọ́ náà, ó sì rò pé àwọn tó ń kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ ló gbé òun.

"Ẹ̀yin méjèèjì ni mo bá. Orí rẹ ti fọ́, o ò mọ nǹkan kan. Itan ni ọta ti ba Eemeli, ó ń sọ̀rọ̀ geere. Mo gbé yín pọ̀ sórí ọkọ̀. Ẹṣin mi ti fara gbọta, yìnyín sì dé e níkùn. Ó fà á, fà á, kò lè sún. A ti ń gbọ́ ohùn àwọn ọ̀tá láàárín igi. Eemeli bá yí ara rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó fi bò ọ́. Ó ní, 'Gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ fún ìyá wa. Má sọ ohun tí mo ṣe fún Arvi o, kò ní lè fara dà á.' Mo sáré padà lọ lẹ́yìn tí mo gbé ọ dé. Ọ̀tá ti gba ibẹ̀."

Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ààyè ni mo fi sílẹ̀, Arvi, kì í ṣe òkú. Mi ò lè sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfìgbà tí mo gbé e lọ bá Jésù. Òun náà dùbúlẹ̀ sípò wa kí àwa lè délé. Wá sọ́dọ̀ mi ní Sátidé. Màá dáná sáúnà, a ó sọ̀rọ̀ Eemeli, a ó gbàdúrà."

Arvi dìde. Ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Arvi mọ̀ pé òun burú ju ọlọ́ṣà lọ, nítorí ọlọ́ṣà kì í bú ẹni tó jà lólè. Nígbà tí Sátidé dé, ó rí èéfín sáúnà Vilho ní òdìkejì omi. Ó dìde, ó tún jókòó. "Ojú wo ni n óò fi wò ó?" ló ń sọ. "Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Ó sì gbé ìgò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, èéfín rú, ó tún wí bákan náà.

Sátidé tó tẹ̀lé e, èéfín kò rú. Arvi ń wò títí ọ̀sán fi pọ́n, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó wà á sọdá.

Hilja, ìyàwó Vilho, ló ṣílẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ẹ ti pẹ́ jù, Arvi. Ó kú láàárọ̀ yìí."

Arvi di igi ẹnu ọ̀nà mú.

"Ó ń retí yín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kó má lọ la igi, àyà ń dùn ún. Kò gbọ́. Ó ní, 'Bí Arvi bá wá ńkọ́?'" Hilja nu ojú rẹ̀. "Ó yẹ ká wẹ̀ ẹ́. Mò ń wá ọkùnrin tó máa bá mi ṣe é."

Nítorí inú sáúnà ni àwọn àgbà ilẹ̀ náà ti ń wẹ òkú wọn.

"Ẹ jẹ́ kí n wẹ̀ ẹ́," ni Arvi wí.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé òun àti Vilho wà nínú sáúnà kan náà níkẹyìn. Ó bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ó fọ ọwọ́ tó di ìjánu ẹṣin, ó fọ ẹsẹ̀ tó rin inú yìnyín nítorí rẹ̀. "Vilho, dárí jì mí," ló ń wí. "Vilho, mo ti wá." Òkú kì í dáhùn. Ó pè é títí ohùn rẹ̀ fi há, ó sì ṣubú lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó tí wọ́n tẹ́ òkú náà sí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Vilho ti yé e. Eemeli kú nítorí rẹ̀, Arvi kò sì lè bẹ̀ ẹ́. Vilho fara da èébú nítorí rẹ̀, kò sì lè bẹ òun náà mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló kú fún un tó tún jíǹde, tó ṣì lè gbọ́ ọ. Arvi kígbe pé, "Jésù, ìwọ nìkan ló kù mí kù! Ọ̀mùtí ni mí. Aláìmoore ni mí. Mo kórìíra ẹni tó gbà mí là. Ṣàánú mi!"

Olúwa gbọ́ ọ. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé ìbànújẹ́ rẹ̀ tán lọ́jọ́ náà, kò tíì tán di òní. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tó ti gbé láti ojú ogun bọ́ lọ́rùn rẹ̀, ó fọ́ ìkòkò tó fi ń sè ọtí, kò sì tún tọ́ ọ wò mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, òun ló kọ́kọ́ wọ sáúnà Taavetti, òun ló sì sọ ohun tí Eemeli àti Vilho ṣe fún gbogbo wọn, tẹkúntẹkún.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ẹnì kan ti dùbúlẹ̀ sípò rẹ. Kì í ṣe inú yìnyín ló kú sí, orí igi àgbélébùú ni. Ó pẹ́ tó ti ń pè ọ́. Ìwọ ń fi orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀sín, tàbí kí o máa sọ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí Arvi bá sunkún dọ̀la, Vilho kò ní gbọ́. Jésù ń gbọ́ nísinsìnyí. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yẹn, jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún un, kí o sì gbà á. Bí ẹni tí o ti ń yàn lódì bá sì ṣì wà láàyè, dìde lórí eékún rẹ, kí o gba ilé rẹ̀ lọ kí oòrùn òní tó wọ̀.