Ìsun Tí Wọ́n Ní Kó Má Yà

Inú koríko tó mù ún dé ìbàdí ni Láyí ti kọ́kọ́ rí i: obìnrin kan tó wọ bàtà òjò, tó di ojú kan, tó ń fi èkejì wo inú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Láyí sọ apẹ̀rẹ̀ ẹyìn tó rù kalẹ̀, ó gbàgbé ibi tó ń lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ ń wò nínú ilẹ̀ bàbá mi?"

"Gíga rẹ̀ ni mò ń wọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi, ẹ ti fẹ́ di òkè nínú àwòrán mi."

Ẹ̀rín pa Láyí. Mọ́tọ́lá lorúkọ obìnrin náà, awọnlẹ̀ láti Àkúrẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ fi pápá òkè Osooro, níbi tí ilẹ̀ bàbá Láyí wà, sin màlúù ló gbé iṣẹ́ àwòrán ilẹ̀ náà fún un. Láyí ń bá a gbé ọ̀pá ìwọnlẹ̀, wọ́n jọ ń jẹ púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́, lábẹ́ ọ̀pẹ. Kí oṣù tó parí, "ẹ" ti di "ìwọ", "ìwọ" ti di "olólùfẹ́ mi".

Àmọ́ Bàbá Zacchaeus, bàbá Láyí, yarí kanlẹ̀.

"Ẹni tó ń wọn ilẹ̀ wa fún màlúù lo fẹ́ fẹ́? Tí ẹran bá tẹ ìsun omi wa rẹ́, kí la ó máa mu?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Láyí lọ́kàn, torí àárín pápá náà gan-an ni ìsun ọ̀hún wà. Ó sáré lọ bá Mọ́tọ́lá, ó bi í nípa ìsun náà.

"Ilé-iṣẹ́ ti ní kí n má yà á," ni Mọ́tọ́lá wí, kò lè wojú rẹ̀. "Tí kò bá sí nínú àwòrán, kò sí òfin tó máa dá wọn dúró."

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Láyí, iṣẹ́ yìí ni mo fi ń tọ́jú ìyá mi."

Ó kó ẹ̀rọ rẹ̀ sọ́kọ̀, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò pè. Láyí kò lè ní kó sọ iṣẹ́ nù; kò sì mọ bí òun yóò ṣe fẹ́ ẹni tó bo omi ìlú òun mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé pẹ̀lú ìlú lórí pápá náà, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà tẹ́ àwòrán náà sílẹ̀ níwájú àwọn àgbà láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Zacchaeus fìka tọ́ ojú kan.

"Kí ni búlúù yìí?"

Mọ́tọ́lá dìde lẹ́yìn. "Ìsun omi yín ni, Bàbá. Bó ṣe wà ni mo ṣe yà á."

Ọ̀gá náà ká àwòrán náà pẹ̀lú ìbínú. "Iṣẹ́ rẹ ti tán lọ́dọ̀ wa!"

Níta, Láyí bá Mọ́tọ́lá níbi tó jókòó sí, tó ń sunkún. Bàbá rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

"Ọmọ mi," ni bàbá wí fún obìnrin náà jẹ́jẹ́, "ọjọ́ wo ni a lè wá kí ìyá rẹ?"

Mọ́tọ́lá wo Láyí. "Mi ò níṣẹ́ mọ́ o."

"Ṣé iṣẹ́ ni mo ní mo fẹ́ fẹ́ ni?"

Mọ́tọ́lá nu ojú rẹ̀. "Ẹ máa bọ̀ ní Sátidé, Bàbá."