Ìbọn Tí Lyle Fi Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Yàn

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ọkùnrin náà fa ìbọn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ìbọn náà kọ̀ tí kò dáhùn. Fìlà bàbà kékeré tó ń sáná sí i á dún pá, èéfín tín-ín-rín á rú nídìí rẹ̀, ó tán. Ọkùnrin náà ga, ó wọ ẹ̀wù awọ àgbọ̀nrín tó kúrú lọ́wọ́, etí rẹ̀ méjèèjì sì ti pọ́n. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ẹni tó ń yin ṣakabùlà ní Wyoming ní Amẹ́ríkà tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: ó ti ki ọta, ó gbàgbé ẹ̀tù.

Idella Kratz náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun ló dìde lọ bá a.

“Ẹ kọ ẹnu ìbọn yẹn síhà òkè, ẹ jọ̀ọ́. Ọta yín kò tíì ríbi lọ, ṣùgbọ́n a kì í fi ìbọn ṣeré.”

“Mo da ẹ̀tù sí i,” ọkùnrin náà wí. Ó gbé ìwo tó fi ń rọ ẹ̀tù sókè, ó mì ín, ojú tì í. “Mo rò pé mo dà á ni.”

“Kí lẹ wá ń wò nígbà tí ẹ ń rò bẹ́ẹ̀?”

Idella ni ọkùnrin náà ń wò, Idella sì mọ̀, nítorí òun náà ti ń wò ó láti ìgbà tó ti dé orí pápá. Ó gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi irin lílọ́ tó wà ní ṣóńṣó ọ̀pá tí wọ́n fi ń ki ìbọn gún ọta náà nínú, ó lọ́ ọ, ó sì fi ọwọ́ òsì fà á jáde gẹ́lẹ́ bí ẹni fa ìdérí ìgò.

Lọ́dọọdún, ní oṣù kẹfà, ni wọ́n máa ń pàdé létí odò kan láti gbé bí àwọn tó ń pa ẹran onírun tà láyé àtijọ́ ṣe gbé. Ohunkóhun tí wọn kò bá tíì máa ṣe ní ìgbà ayé àwọn yẹn kò gbọdọ̀ wọ inú àgọ́, ìbáà ṣe ife omi. Orrin, bàbá Idella, ni wọ́n sì gbà pé ó mọ ìbọn pápá, irú èyí tí àwọn ọdẹ àtijọ́ yẹn ń gbé, ṣe jù lọ láàárín wọn, ó ti lé lógójì ọdún.

Ìbọn ni ọkùnrin náà bá wá. Lyle Brandvold lorúkọ rẹ̀, òun ló ń tọ́jú odi àtijọ́ kan tí wọ́n ti ń ṣòwò awọ nígbà kan rí, ìrìn wákàtí méjì sí ibẹ̀. Ojúlówó ìbọn pápá kan wà ní odi náà nínú àpótí dígí, ṣùgbọ́n ó ti gbó ju kí wọ́n yìn ín lọ. Àwọn àgbà tó ń ṣàkóso odi ní kó wá ẹ̀dà rẹ̀ tó bá a mu láìkù síbì kan, èyí tí wọn yóò máa yìn fún àlejò.

“Èyí tí ilé iṣẹ́ ńlá ń ṣe kò tó yín ni?” Idella bi í.

“Idẹ dídán ni wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ta ni yóò gbé ohun tó ń kọ mànà lépa ẹran lórí pápá gbalasa? Irin ni ti àtijọ́, wọ́n sì jẹ́ kó dúdú rẹ́súrẹ́sú.”

“Ẹni tó mọ ìbọn tó báyìí náà ló gbàgbé ẹ̀tù.”

“Ẹ̀bi ìbọn kọ́, ẹ̀bi mi náà kọ́,” Lyle wí, ó sì wò ó lójú.

Ìbọn mẹ́ta tó ti parí wà nílé Orrin. Láti Sátidé tó tẹ̀ lé e ni Lyle ti ń wá yàn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, okùn ìwọ̀n ló mú wá, ó wọn gígùn irin olójú mẹ́jọ tí ọta ń gbà jáde. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó wá wo bóyá èèkàn pẹlẹbẹ méjì ló de irin mọ́ igi, nítorí ẹyọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ẹ̀dà ń ní. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé èjìká, ó di ojú, ó sì la ojú láti mọ èyí tó bọ́ sí ojú àmì fúnra rẹ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹrin, kò sí ohun tó kù láti wọ̀n mọ́, ló bá gbé apẹ̀rẹ̀ èso píìṣì dání.

“Ẹni tó ń fẹ́ ìyàwó kì í pẹ́ tó báyìí,” Idella wí.

“Ṣé wọ́n ti fẹ́ yín rí tí ẹ fi mọ̀?”

“Èmi? N kò ráyè.”

“Ẹ ráyè jókòó tì mí báyìí.”

“Nítorí píìṣì ni,” Idella wí, ṣùgbọ́n kò tíì jẹ ẹyọ kan.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n kúrò ní “ẹ”, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn ní “ìwọ”. Inú Idella dùn débi tí ẹ̀rù fi ń bà á. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló wà láyé, kò sì rò pé irú nǹkan báyìí ṣì ń bọ̀.

Ohun kan ni kò sọ fún Lyle. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ojú Orrin ti ń ṣe bàìbàì, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Idella ló ń ṣe àwọn ìbọn. Kò sẹ́ni tó ní kó fi ṣe àṣírí. Ó kàn parí ìbọn kan lọ́jọ́ kan ni, bàbá rẹ̀ gbé òǹtẹ̀ orúkọ rẹ̀, O. KRATZ, ó tẹ̀ ẹ́ sára irin bó ti máa ń ṣe bí oníbàárà bá dé, kò wo ojú ọmọ rẹ̀, ọmọ náà kò sì sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ fi máa ń wà ní títì tí Lyle bá dé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Lyle yan ti àárín. Bí Orrin ti wọlé lọ gbé kọfí, ó tú ẹ̀rọ ìbọn náà kúrò lára igi láti wo inú rẹ̀ wé ti odi. Ó gbé igi náà súnmọ́ ojú fèrèsé.

“Idella, ọlọ́wọ́ òsì ló gbẹ́ ibí yìí. Wo bí ojú irin ìgbẹ́gi ṣe fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọwọ́ ọ̀tún ni Bàbá ń lò.”

Idella wo ẹnu ọ̀nà tí bàbá rẹ̀ gbà wọlé. “Má sọ ọ́.”

“N kò ní sọ ọ́. Ṣùgbọ́n n kò lè gbé e lọ lórúkọ wọn. Ẹ̀dà kì í ṣe irọ́, Idella, tó bá ti ń sọ ẹni tó ṣe é àti ọdún tó ṣe é. Tí kò bá sọ ọ́, ayédèrú ni.”

“Ìbọn lo kúkú wá yàn. Lọ yan òmíràn.”

“Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ti yan ìbọn. Ìwọ ni mò ń wá wò. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè kọ orúkọ ẹlòmíràn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ.”

“Bàbá mi ló wá di ẹlòmíràn?”

Lyle dá ẹ̀rọ náà padà sáyè rẹ̀, ó rọra de ìdè rẹ̀, ó sì wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Sátidé méjì kọjá, ẹnikẹ́ni kò wá. Idella ń ṣiṣẹ́, kò jẹun, ó ń gbẹ́ igi kan náà léraléra títí ó fi bà á jẹ́.

“Ọmọ onípíìṣì yẹn ńkọ́?” Orrin bi í.

“Ó ti rí ìbọn mìíràn.”

“Ọkùnrin yẹn? Kó rí ìbọn mìíràn? Gbé èyí tó yàn wá.”

Orrin kò nílò ojú fún ohun tó ṣe. Ó fọwọ́ wá ìdè ẹ̀rọ náà kàn, ó tú u, ó ti àtàǹpàkò bọ inú ihò igi náà, ó sì ń fà á lọ fà á bọ̀.

“Ó rí ibí yìí, àbí?”

Omijé ni Idella fi dá a lóhùn.

“Mo rò pé ojú mi ni mò ń bò,” bàbá rẹ̀ wí. “Ìwọ ni mo ti ń bò mọ́lẹ̀ láti ọdún mẹ́rin.”

“Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, Bàbá. N kò bínú.”

“Ìyẹn ló dùn mí jù.”

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kó rọrùn fún àgbàlagbà tí orúkọ nìkan ló kù fún. Orrin jókòó sí iwájú ilé títí kọfí rẹ̀ fi tutù. Lẹ́yìn náà ló ní kí Idella gbé mọ́tò jáde.

Nígbà tí wọ́n dé odi, àwọn àgbà mẹ́ta ló jókòó, ìbọn onídẹ dídán kan wà lórí tábìlì níwájú wọn. Lyle dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi. Orrin sún onídẹ sí ẹ̀gbẹ́, ó gbé tirẹ̀ lélẹ̀.

“Ọmọ mi ló ṣe èyí,” ó wí. “Òun ló ṣe gbogbo èyí tí mo tà láti ọdún mẹ́rin. Ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ mi, ẹ bá mi sọ fún un pé kó gbé e padà wá, ọmọ mi yóò tẹ orúkọ ara rẹ̀ sí i.”

Àwọn àgbà náà wo ìbọn, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì ní àwọn gbà á.

Idella ló di òòlù mú. Ọwọ́ Orrin kò dúró, ló bá fi àyà dùbúlẹ̀ lé irin náà kó má bàa yẹ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni Idella ń lù wọlé: I. KRATZ, àti ọdún náà.

“Idella,” Lyle wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, “ṣé wàá fẹ́ mi?”

Kò gbé ojú kúrò lára irin. “Tí mo bá fẹ́ ọ, ohun tí màá máa tẹ̀ sára ìbọn kò ní yí padà o.”

“Orúkọ yẹn ni mo fẹ́ kó wà níbẹ̀.”

“Kódà tí a bá ti bímọ?”

“Kódà tí a bá ti darúgbó.”

“Ẹ gbé ohùn yín sókè,” Orrin wí láti orí tábìlì. “Ojú ló ń dùn mí, etí mi ṣì dá.”

“Mo ní mo gbà, Bàbá,” Idella wí. Ó gbé òòlù sílẹ̀, ó sì di ọwọ́ Lyle mú.