Ìyẹ̀fun Tí N Kò Pò

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rì sínú ìgbẹ́ màlúù wa, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, níbo ni mo ti lè rí omi?"

Mo bu omi sí i lẹ́sẹ̀. Ìfẹ́ rẹ̀ kó sí mi lórí níbẹ̀.

Olùwádìí ni. Ó ṣàlàyé fún èmi àti ìyá mi pé afẹ́fẹ́ tí màlúù ń gùnfẹ̀ jáde wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná. Ìyẹ̀fun kan wà tó lè dín in kù, bí a bá ń pò ó mọ́ oúnjẹ wọn láràárọ̀. Ó fún mi níwèé tí n ó máa fàmì sí ní gbogbo ìgbà tí mo bá pò ó.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí. "Ìgùnfẹ̀ màlúù kẹ̀!" Nígbà tí olùwádìí náà lọ tán, ojú ìyá mi yí padà. "Bí wàrà wa bá bàjẹ́ ńkọ́? Má fi nǹkan yẹn sẹ́nu ẹran bàbá rẹ."

N kò lè já ìyá mi kulẹ̀, n kò sì fẹ́ pàdánù ọmọbìnrin náà. Mo ń kó ìyẹ̀fun pamọ́, mo sì ń fàmì sínú ìwé. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń gbé ẹ̀rọ tó fi ń wọn afẹ́fẹ́ náà wá. Kò pẹ́ tó fi ń pè mí ní ààyò òun.

Ní oṣù kẹta, ẹkún ló bá wọlé. "Afẹ́fẹ́ náà ò dín rárá. Ọ̀gá mi ní mi ò mọṣẹ́. Ààyò mi, ṣé ò ń pò ó?"

"Mò ń pò ó."

Ó yíjú sí ìyá mi. "Ẹ má bínú, mà. Mo fi àsìkò yín ṣòfò."

Ìyá mi dìde, ó bọ́ sí yàrá. Ìtìjú bò mí, bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ru àpò ìyẹ̀fun lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, mo jẹ́wọ́ níwájú ọ̀gá rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò pariwo. Kò tilẹ̀ wò mí.

Wọ́n tún ìwádìí náà bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn ni wọ́n ń rán wá. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló ń pò ó pẹ̀lú mi. Wàrà ò bàjẹ́.

Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ló wá kó ẹ̀rọ lọ níkẹyìn.

"Ó dín kù gan-an," ó ní. "Ẹ ṣé, mà."

Mo tẹ̀ lé e dé ìdí mọ́tò. "Dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ tí mo máa fẹ́, ó yẹ kó lè sọ òótọ́ fún mi nígbà tí mo bá ń sunkún."

N kò lè gbójú sókè títí ó fi lọ.